Ọ̀gá Méjì Lórí Bánà Kan

Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni ẹnu rẹ̀, kí n lè mọ ohun tó ń jẹ. Kì í ṣe ìwà ìkà. Èkó ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ẹni tó bá mi gbé àpò àlùbọ́sà ní Mile 12, tó sì bá mi gbé e lọ pátápátá. Mo ti rí lańlọ́ọ̀dù tó pín ìrẹsì fún àwọn ayálégbé rẹ̀ nígbà Kérésì, tí ìwé àfikún owó ilé sì tẹ̀ lé ìrẹsì náà wọlé kí ẹnikẹ́ni tó sè é jinná. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí àbúrò mi obìnrin wá sọ fún mi pé wọ́n ti fún òun ní mẹ́ńtọ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní.

"Kí ló ń jẹ?"

"Bọ̀dá mi, ọ̀fẹ́ ni."

"Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Kí ló ń ṣe é?"

Kọ́tìnì ni àbúrò mi yìí ń rán. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ketu, níbi tí ariwo kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ ìránṣọ gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ṣùgbọ́n Magodo ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ ń gbé, àwọn díẹ̀ sì wà ní Anthony. Àwa ará Ketu kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ kọ́tìnì lẹ́nu. Ògbólógbòó aṣọ kan tí a bá fi ìṣó kàn mọ́ ojú fèrèsé ti tó wa. Magodo yàtọ̀. Ilé kan níbẹ̀ lè ní fèrèsé tó pọ̀ ju ènìyàn inú rẹ̀ lọ, fèrèsé kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ wọ aṣọ méjì, èyí fẹ́lẹ́ fún ọ̀sán, èyí tó nípọn fún alẹ́. Wọ́n mọ odi yí ẹ̀sítéètì ká, wọ́n mọ odi yí ilé ká, wọ́n fi irin dí fèrèsé, wọ́n tún wá ń pe àbúrò mi pé kó wá fi aṣọ bò ó. Mo máa ń sọ fún un pé ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ níbẹ̀ kò lè ju tẹlifíṣọ̀n lọ.

Ẹgbẹ́ kan ló kó àwọn oníṣòwò kéékèèké jọ sínú gbọ̀ngàn kan ní Ikosi. Wọ́n fún wọn ní bisikí, wọ́n fún wọn ní omi inú ike, wọ́n ní òwò kékeré ò lè dàgbà láìní ẹni tó máa mú olówò náà lọ́wọ́. Wọ́n wá fa àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan lé oníṣòwò kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ti ìjọba, kì í sì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ kọ mí lóminú.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé Magodo, ni wọ́n fún àbúrò mi. Ó ti ṣe ọ̀gá rí ní ọ́fíìsì ńlá kan. Ó ṣàlàyé iṣẹ́ ọ́fíìsì náà fún mi dáadáa, mi ò sì tíì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ títí di òní. Ó jọ pé ìpàdé ni wọ́n ń ṣe, wọ́n sì ń tà á fún ara wọn.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù, mo ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀, mo jókòó bí ọlọ́pàá tó wọ aṣọ ilé. Bàbá náà de táì nínú oòrùn Ketu. Ó fa hankáṣíìfù yọ, ó nu bẹ́ǹṣì, ó jókòó, ó sì tẹjú mọ́ àbúrò mi bí dókítà tó fẹ́ sọ èsì àyẹ̀wò.

"Máì díà, níbo lo rí ara rẹ ní ọdún márùn-ún sí i?"

Àbúrò mi wo inú ṣọ́ọ̀bù yí ká. "Ibí náà ni, sà. Bí lańlọ́ọ̀dù bá gbà."

"Rárá o. Ronú kó gbòòrò. Ronú kọjá Ketu."

"Kọjá Ketu? Ọjọ́ta nìyẹn, sà. Ṣọ́ọ̀bù wọ́n jù lọ́hùn-ún."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó yà mí lẹ́nu pé bàbá náà rẹ́rìn-ín ju tèmi lọ, inú mi ò sì dùn sí i. Ayédèrú kì í fẹ́ kí wọ́n fi òun rẹ́rìn-ín. Bí èyí bá wá fẹ́ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ògbóǹtarìgì ni.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Obìnrin ni mo kọ́kọ́ rò pé ó ń wá, nítorí náà gbogbo ìpàdé wọn ni mo ń bá wọn jókòó sí, tí mo ń ṣe bí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n ìyàwó bàbá náà kì í jẹ́ kó simi lórí fóònù, ohùn obìnrin náà sì máa ń jáde kọjá etí rẹ̀: "Daddy, ṣé ẹ ti lo oògùn yín? Ṣé inú oòrùn kọ́ lẹ wà?" Òun náà á máa dáhùn bí ọmọ iléèwé: "Mo ti lò ó. Abẹ́ òrùlé ni mo wà." Ẹni tó ń sá fún ìyàwó kì í gbé fóònù kíá báyẹn.

Mo wá rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ló fẹ́ mú un lọ. Mo dúró kó mú ìwé ìléwọ́ jáde, kò mú nǹkan kan jáde. Mo ní ó ní láti jẹ́ pé kọ́tìnì ọ̀fẹ́ ló ń wá. Èyí dá mi lójú, mo sì dẹ pàkúté fún un: mo ní kí àbúrò mi sọ fún un pé òun fẹ́ rán kọ́tìnì pálọ̀ rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀.

Bàbá náà mirí. "Bí mo bá gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, mo ti di irú oníbàárà tí mo ní kó o máa sá fún."

Nígbà tó lọ tán, mo fa àbúrò mi sí kọ̀rọ̀. "Ó gbọ́n ju bí mo ṣe rò lọ. Ohun tó ń wá tóbi ju kọ́tìnì lọ."

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí bàbá náà ráyè mí."

N kò ní parọ́ mọ́ ọn, ìmọ̀ràn rẹ̀ kan jẹ́ ti ẹ̀rín. Ó ní kí wọ́n lẹ gbólóhùn Òyìnbó kan mọ́ ògiri, tó ń sọ nípa ìtayọ àti ìtayọ sí i. Àwọn oníbàárà rò pé ìkìlọ̀ ni, pé ṣọ́ọ̀bù náà kì í ta àwìn. Bóyá ìyẹn gan-an ni àǹfààní tó ṣe.

Ṣùgbọ́n ó tún sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò rí ẹ̀rín nínú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló mọ "lọ́la" àwọn aránṣọ. Bí aránṣọ bá ní kó o padà wá lọ́la, ohun tó ń sọ ni pé òun ò tíì fọwọ́ kan aṣọ rẹ, pé òun ò sì mọ ibi tó wà. Bàbá náà ní kí àbúrò mi jáwọ́ nínú ẹ̀. Ọjọ́ tó máa jẹ́ òótọ́ ni kó máa dá fún ènìyàn, ì báà jìnnà.

"Sà," ni àbúrò mi wí, "bí mo bá sọ òótọ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń parọ́ ni wọ́n máa gbà lọ."

"Wọ́n á padà wá."

"Ta ló máa sanwó ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó padà wá?"

"Dán an wò ná."

Ó dán an wò. Ìyá kan láti Anthony ló kọ́kọ́ bọ́ sí i. Lọ́jọ́ tí àbúrò mi dá fún un, ìjà ni ìyá náà mú bọ̀. Ó tilẹ̀ mú àbúrò ọkọ rẹ̀ dání kó lè bá a pariwo. Ó bá kọ́tìnì rẹ̀ nínú nylon, tí wọ́n ti lọ̀ ọ́, tí wọ́n ti ká a. Ó tú u wò. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀.

"Ṣé tèmi nìyí lóòótọ́?"

"Tiyín ni, Mà."

"Àbí ẹni tó ni ín ni ò wá gbà á?"

Ó kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n ja lólè, nítorí pé kò rí ẹni bá jà. Kò pẹ́ tó fi padà wá, tòun ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ṣe ń wọlé. Bàbá náà tún ràn án lọ́wọ́ ní géètì Magodo, níbi tí oníṣẹ́ ọwọ́ ti máa ń dúró nínú oòrùn títí onílé á fi rántí pé òun ní fóònù. Ó ní kó máa pe òun. Bó bá ti pè, bàbá náà á bá àwọn sẹ̀kọ́rítì sọ̀rọ̀ pé ọmọ òun ni, wọ́n á sì ṣílẹ̀kùn. Mo fura sí ìyẹn pẹ̀lú. Sẹ̀kọ́rítì tí wọ́n ń sanwó fún kì í fẹ́ ṣílẹ̀kùn; kí ló wá dé tí ẹni tí a ò sanwó fún ń ṣí i?

Nípasẹ̀ ilẹ̀kùn yẹn náà ni iṣẹ́ ńlá ṣe dé: ilé tuntun kan nínú ẹ̀sítéètì, gbogbo fèrèsé rẹ̀ pátá. Àwọn onílé fẹ́ kó wọlé lọ́jọ́ Àìkú, kọ́tìnì sì gbọ́dọ̀ wà lára ògiri kí àlejò àkọ́kọ́ tó kanlẹ̀kùn. Gbogbo ohun tí àbúrò mi ní ló kó lé aṣọ náà lórí. Bí iṣẹ́ yìí bá bàjẹ́, kì í ṣe oníbàárà kan ló máa sọnù, ṣọ́ọ̀bù ló ń lọ yẹn.

Àárín iṣẹ́ yìí ni bàbá náà gbé bánà wá.

Ó ká a, ó gbá a mọ́ àyà bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun. Ètò ẹgbẹ́ náà ń parí lọ, ó ní, òun sì fẹ́ kí gbogbo ayé rí ohun tí àbúrò mi ti dà. Ó yá àkàbà lọ́wọ́ fọkanáísà, ó gùn ún fúnra rẹ̀, ó sì so bánà náà mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó tú u sílẹ̀, ẹnu ya gbogbo wa. Àwòrán bàbá náà gba ìlàjì rẹ̀, ó ká apá lé àyà, táì rẹ̀ gùn tó àkàbà náà. Àbúrò mi wà ní igun ìsàlẹ̀, ó kéré bí ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé ilé ẹlòmíràn. Wọ́n fi Òyìnbó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé bàbá yìí ló tọ́ ọ dàgbà nínú iṣẹ́.

Inú mi dùn dé ọ̀run. Mo ní, "Mo ti mú un! Ìbò ló ń wá!" Ní Kosofe níbí, ẹni tí àwòrán rẹ̀ bá gba ojú títì, bí kò bá ń du ipò, a jẹ́ pé ó ti kú. Bàbá yìí sì ń mí.

Ohun tí èmi àti bàbá náà kò rò ni bí Ketu ṣe máa ka bánà náà. Ketu kì í ka Òyìnbó abẹ́ àwòrán. Ojú ló fi ń kà á. Bí àwòrán àgbà bá wà níwájú ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ ọwọ́, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ nìyẹn, kò sí ìtumọ̀ mìíràn. Àbúrò mi sì ní ọ̀gá. Alhaja kan ni, kò jìnnà sí ibẹ̀, ní apá kejì Ketu, tó ń rán kọ́tìnì kí Magodo tó ní géètì.

Bàbá wa ló mú àbúrò mi lọ sọ́dọ̀ Alhaja kó tó kú. Àbúrò mi kọ́ṣẹ́ títí àsìkò rẹ̀ fi pé, ó sì ku kí Alhaja ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún un: kó gbàdúrà lé e lórí lójú ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ, kó fún un ní àlùmọ́gàjí, kó sì yọ̀ǹda rẹ̀. Alhaja ní kó di ẹ̀yìn Iléyá. Iléyá dé, ó ní kó di ẹ̀yìn ààwẹ̀. Ààwẹ̀ dé, ó tún di ẹ̀yìn Iléyá. Ọwọ́ àbúrò mi ló dára jù ní ṣọ́ọ̀bù náà, ta ló máa fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀? Ìgbà tó sú àbúrò mi, ó lọ láìdágbére. Alhaja kò pariwo. Ó ń sọ fún àwọn ènìyàn pé, "Mo ti yọ̀ǹda rẹ̀, ọmọ dáadáa ni." Irọ́ yẹn rọ àwọn méjèèjì lọ́rùn, ó sì pẹ́ lára wọn bí aṣọ àtijọ́. Bánà ló fà á ya.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àbúrò mi pè mí pẹ̀lú ẹkún. "Bọ̀dá mi, wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù."

Nígbà tí mo débẹ̀, àgádágodo ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ ti wà lórí tiwa. Kọ́tìnì Magodo wà nínú, àbúrò mi wà níta, Alhaja sì jókòó sórí àga oníke gan-an lábẹ́ àwòrán bàbá náà, ó ń jẹ ẹ̀pà. Alága ẹgbẹ́ dúró tì í. Kò sí ohun tó ṣẹ́ kù láti sọ: ẹni tí kò bá tíì ṣe fírídọ̀ọ̀mù kò gbọdọ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù, òfin wọn nìyẹn.

Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, bí àwa tó lọ yunifásítì ṣe máa ń ṣe é, ìka ọwọ́ kan ilẹ̀, ìdí wà lókè.

"Ẹ káàsán, Mà."

"Ìwọ lẹ̀gbọ́n tó kàwé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Nígbà tó o ṣe tán, ta ló ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún ẹ?"

"Wọ́n fún wa ní ìwé ẹ̀rí, Mà."

"Ta ló gbàdúrà fún ẹ?"

Mo ronú. Mo rántí ọkùnrin kan tó wọ agbádá aláwọ̀ mèremère, tó ń ka nǹkan nínú makirofóònù tí kò ṣiṣẹ́. "Kò sẹ́ni tó gbàdúrà, Mà."

"Mo mọ̀. Ó hàn lára ẹ."

Àwọn tó ti péjọ rẹ́rìn-ín. Alhaja nàka sókè láìgbójú sókè. "Ta nìyí?"

"Mẹ́ńtọ̀ rẹ̀ ni, Mà. Ẹni tó ń tọ́ ọ sọ́nà."

"Ọ̀nà ibo? Lọ́jọ́ tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gún un níka, ẹnu èmi yìí ni mo fi fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Níbo ni Daddy onítáì yìí wà lọ́jọ́ yẹn?"

Àbúrò mi ti wà lórí eékún. "Ẹ má bínú, Mà. Ẹ má bínú."

"Dìde. Ìkúnlẹ̀ ìdágbére lo jẹ mí, kì í ṣe èyí."

Mo ní kí n gbèjà àbúrò mi. "Mà, ṣé ẹ rántí pé ẹ̀yin náà ló ń sún un síwájú? Ẹ̀yìn Iléyá, ẹ̀yìn ààwẹ̀..."

"Mo sún un. Mo fẹ́ràn ọwọ́ rẹ̀. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?" Ó ju èèpo ẹ̀pà nù. "Ẹ̀ṣẹ̀ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ lo máa sọ ọ́ fún mi. Láti ìgbà tó o ti dé lo ti ń wò mí bí ẹni tó ń wo ayédèrú oògùn. Ẹni tó ń fura kò lè bẹ̀bẹ̀."

Mo ti ń wá nọ́ńbà lọ́yà kan tí mo mọ̀ nínú fóònù nígbà tí mọ́tò bàbá náà dé. Àbúrò mi ló pè é. Mo sọ fún ara mi pé ó tán, ó máa já bánà rẹ̀, á sì wọ mọ́tò padà. Ó bọ́ sílẹ̀, ó tún táì ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ Òyìnbó.

"Ẹ sọ Yorùbá, Daddy," ni Alhaja wí. "Ìjà yìí ò gbọ́ Òyìnbó."

Bàbá náà ní kí wọ́n ṣàlàyé fún òun, wọ́n sì ṣàlàyé. Ó gbọ́ ọ dé òpin láìdá sí i, nǹkan tí mi ò tíì rí i ṣe rí. Ó wá bèèrè pé, "Alhaja, ta ló yẹ kó wá bẹ̀ yín láti ilé wọn?"

"Bàbá rẹ̀ tó mú un wá bá mi. Ó ti kú."

Bàbá náà wò mí. Alhaja náà wò mí. Àwọn méjèèjì gbójú kúrò lára mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Hankáṣíìfù tó fi nu bẹ́ǹṣì ṣì wà lápò rẹ̀, kò fà á yọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyanrìn Ketu, àyà kan ilẹ̀, táì lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ariwo sọ. "Ha! Daddy onímọ́tò!" "Daddy, ẹ rọra, ìbàdí yín!" Ẹnì kan ti ń ya fídíò. Kí n má purọ́, mo wo ojú ẹni náà dáadáa bóyá bàbá náà ló háyà rẹ̀.

"Alhaja," ni bàbá náà wí láti ilẹ̀, "ní ipò bàbá rẹ̀ ni mo wá. Mi ò lè rán bọ́tìnnì. Ohun tí mo kọ́ ọ kò ju kó máa sọ òótọ́ fún àwọn oníbàárà lọ. Ó yẹ kí n bi í bóyá ó ti sọ ọ́ fún ẹ̀yin. Ẹ má fi àṣìṣe mi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn."

Alhaja jẹ ẹ̀pà kan sí i. Ó jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀ tó bó ṣe yẹ kó pẹ́. "Ẹ dìde, Daddy. Ẹ má lọ kó àìsàn lé mi lórí." Ó yíjú sí alága ẹgbẹ́. "Ó di Ọjọ́bọ̀. Mo máa ṣe fírídọ̀ọ̀mù rẹ̀ níbí, níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ máa ṣí i." Ó tún nàka sókè. "Àwòrán mi gbọ́dọ̀ wà lórí nǹkan yẹn."

"Ó máa wà níbẹ̀, Alhaja."

"Kó tóbi ju tiyín lọ."

Bàbá náà tó dọ̀bálẹ̀ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì wá dúró, ó ń ro èyí. "Kó bára mu ńkọ́?"

"Kó tóbi jù. Bí mi ò bá kọ́ ọ, kí lẹ máa rí tọ́ sọ́nà?"

Ó gbà, ṣùgbọ́n ó dùn ún. Mo rí i.

Lọ́jọ́bọ̀, àbúrò mi wọ bùláòsì funfun, ó kúnlẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà ní títì. Ẹgbẹ́ péjú. Alhaja gbé àlùmọ́gàjí lé e lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà, a ń ṣe àmín. Ó ní abẹ́rẹ́ kò ní gún un lójú. Àmín. Ó ní oníbàárà rẹ̀ kò ní di ọ̀tá rẹ̀. Àmín. Ó wá gbé ohùn sókè.

"Àwọn tó o bá tọ́ kò ní gbàgbé ẹ. Wọn ò ní rí ẹ lójú títì kí wọ́n ṣe bí ẹni tí ò mọ̀ ẹ́ rí."

"ÀMÍN!"

Ẹ̀yìn mi ni àmín yẹn ti wá, ó ju ti gbogbo wa lọ. Bàbá náà ni. Ó di ojú, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń gbe omi òjò. Ẹnikẹ́ni kò gbàdúrà fún un. Àdúrà ọmọlọ́mọ ló bá ṣe àmín báyẹn. Alhaja pàápàá dá ọ̀rọ̀ dúró, ó wò ó fìrí, ó sì tún àdúrà náà gbà, ó fi bàbá náà mọ́ àbúrò mi.

Nígbà tí a ń jẹun, mo jókòó tì í, mo sì bi í ní ìbéèrè mi nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín. "Daddy, kí lẹ̀ ń wá nínú iṣẹ́ yìí gan-an?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti ń wò mí pẹ́, mo mọ̀." Ó jẹun díẹ̀. "Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n fún mi ní aago ògiri, wọ́n kọ orúkọ mi sí i. Àwọn tó wà lábẹ́ mi pọ̀ o. Ọ̀gá níhìn-ín, ọ̀gá lọ́hùn-ún. Aago náà ti kú báyìí. Kò sẹ́ni tó pè láti bèèrè bóyá èmi ṣì ń ṣiṣẹ́."

Fóònù rẹ̀ dún. Ìyàwó rẹ̀ ni. Ó ti rí fídíò.

Wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ kò sì simi títí Sátidé fi mọ́. A háyà mọ́tò kan, a di kọ́tìnì kún inú rẹ̀, mo jókòó láàárín aṣọ bí ẹrù. Ní géètì Magodo, sẹ̀kọ́rítì nawọ́ sí wa.

"Ta lẹ wá rí?"

Àbúrò mi tẹ fóònù, ó jẹ́ kí ohùn rẹ̀ hàn síta. Láti ìgbà tí wọ́n ti mọra, "sà" ló ń pe bàbá náà. Ìyẹn ò ju ohun tó ń pe gbogbo ọkùnrin tó de táì lọ.

"Ọ̀gá mi," ló wí, "a ti dé géètì."

Fóònù dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọọ̀kì ti lọ, mo sì ti ń ronú bí oòrùn ṣe máa pa wá níbẹ̀. Ohùn kan wá jáde tí mi ò gbọ́ lẹ́nu bàbá náà rí, kò sí Òyìnbó kankan nínú rẹ̀.

"Fún wọn ní fóònù, ọmọ mi."

Géètì ṣí. Mo sọ fún àbúrò mi pé kó ṣọ́ra o, "ọ̀gá mi" yẹn ni owó iṣẹ́ bàbá náà, ẹni tó bá sì ti gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lè má padà wá mọ́. Òun ní tirẹ̀, àwọn fèrèsé ilé tuntun náà ló ń wò.

Lọ́jọ́ Ajé, kí a tó dé ṣọ́ọ̀bù, bàbá náà ti wà lórí bẹ́ǹṣì, tòun ti táì. Bánà tuntun ti dé. Alhaja náà ti dé, ó gba tépù lọ́wọ́ àbúrò mi, ó gun àkàbà fọkanáísà, ó sì ń wọn ojú bàbá náà lórí bánà láti etí dé etí, kó lè mọ̀ bóyá tòun tóbi jù.